Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Imú 504 Bàbá Yín

Ìbéèrè kan wọlé láti Oǹdó, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí. Bàbá mi fi píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ, òun ni mo fi ń kó kòkó wa láti oko wálé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa. Iwájú ni wàhálà wà. Tó bá kó sí kòtò, á dún gbì bí ẹni ń gúnyán; tí mo bá tẹ bíréèkì, á fà sí òsì, imú rẹ̀ á sì dorí kodò. Pẹ́dàlì náà ti ń jìn. Mẹkáníìkì mi ní ká gé gbogbo iwájú kúrò, ká jó ti Toyota tòkunbọ̀ kan mọ́ ọn, pé kò sí ẹ̀yà 504 tó dáa lọ́jà mọ́. ₦600,000 ni mo rí kó jọ, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà ti gbádùn kí kòkó ńlá tó dé. Àpò 20 ni mo máa ń kó lẹ́ẹ̀kan. Kí ni kí n ṣe?"

Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú ogún. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ pe mẹkáníìkì yín lórí fóònù, kí ẹ ní kó pa iná wẹ́dà rẹ̀ ná. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti já sí asán.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, n ò rí ọ̀kan tó fi hàn pé bí wọ́n ṣe ṣe iwájú ọkọ̀ yín kò dáa. Ohun tí mo rí ni pé iwájú náà gbó, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn. Ẹni tí bàtà rẹ̀ lu kì í gé ẹsẹ̀.

Mo mọ 504 bí ẹní mowó. Ìgbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ l'Àkúrẹ́ níbí, tí èèyàn bá ní òun ń lọ Èkó, òun la ó wọ̀ ní gáréèjì. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé e jáde ní Faransé, nígbà tó di 1969, wọ́n fi jẹ Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù. Ilé iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó níbí ní 1975. Píkọ́ọ̀pù tiẹ̀ dé ní 1979, ó sì bá ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù lójú títì tí wọ́n ṣì ń lo dúrọ́ọ̀mù níwájú, ìyẹn bíréèkì tí ṣúù wà nínú rẹ̀ tó ń tì síta. Dísìkì ló wà níwájú tirẹ̀, ìyẹn àwo irin tí pádì méjì ń fún láàárín. Strut ló gbé imú rẹ̀ dúró, ìyẹn ọ̀pá kan tí ṣọ́ọ̀kì wà nínú rẹ̀ tí sípíríǹgì sì yí i ká, apá ìsàlẹ̀ kan ló di í mú lábẹ́, sitiárìn rẹ̀ sì jẹ́ ti rack tó ń yí táyà tààrà. Ohun tí àwọn ẹlòmíì ń fẹ́ fi owó wá sára ọkọ̀ àtijọ́, ó ti wà lára tiyín láti ilé iṣẹ́. Nítorí náà, owó yín kò gbọ́dọ̀ lọ sórí ohun tuntun kí ohun tó wà nílẹ̀ tó padà sípò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí gígé náà, kẹ́ ẹ má baà rò pé mò ń bá ẹni ẹlẹ́ni jà. Ojú ibi mẹ́ta ló ń pinnu bí táyà iwájú ṣe máa rìn: ibi tí strut ti so mọ́ òkè, ibi tí apá ìsàlẹ̀ ti so mọ́ abẹ́, àti ibi tí táí rọ́ọ̀dù ti jáde lára sitiárìn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà wọn àárín àwọn ibi mẹ́ta yìí, kó lè jẹ́ pé bí táyà bá ń lọ sókè sódò, apá ìsàlẹ̀ àti táí rọ́ọ̀dù á jọ máa gbé e lọ, kò ní sí èyí tó ń fà á sọ́tọ̀. Tí wẹ́dà bá fojú wọ̀n ọ́n, tó sì fi ìka kan péré ṣìnà, táyà á máa yí fúnra rẹ̀ nígbà tó bá bọ́ sí kòtò, ẹ̀yin ò sì yí sitiárìn. Lórí títì tó tẹ́jú, ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Ìgbà tí tírélà bá ń bọ̀ lódìkejì, tí kòtò sì wà lábẹ́ táyà yín, ni ẹ ó mọ̀.

Wọ́n gbé irú ẹ̀ kan wá bá mi rí. Kì í ṣe pé wẹ́dà yẹn ò mọṣẹ́ o, ojú ibi tó jó dán, ó tẹ́, ẹ ó rò pé ilé iṣẹ́ ni. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi jíjó náà gan-an, lára irin àtijọ́ tí ìpẹtà ti jẹ láti inú, ìlà kan wà tó tín-ín-rín bí irun orí, ó gùn tó ìka mi. Mo fi ẹnu sikurudíráfà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó wọlé. Ẹni tó ń wà á ní òun ti ń gbọ́ kẹ́ẹ́-kẹ́ẹ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun rò pé ẹrù ẹ̀yìn ló ń fi ara nù ún ni.

Ó tán lórí ìyẹn. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọkọ̀ yín wò.

Àyẹ̀wò yìí kò gba kọ́bọ̀. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, kí ẹ ki ìtì igi tó nípọn sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Jáàkì nìkan kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ẹ̀mí tì. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ mì í. Tó bá ń mì, ẹ ní kí ọmọ kan wọlé tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún mì í. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n tẹ bíréèkì, bíárìn wíìlì ló tú, ó sì lè jẹ́ fífún lásán ló ń fẹ́. Bó bá ṣì ń mì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so apá ìsàlẹ̀ mọ́ ibi tí wíìlì wà) tàbí búṣì apá ìsàlẹ̀ (rọ́bà tó wà níbi tó ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀) ni. Lẹ́yìn náà, ẹ di í mú lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ mì í bákan náà: táí rọ́ọ̀dù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe ti ọmọ tó ń tẹ bíréèkì yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó dáa sílẹ̀ fún bíárìn tó tú.

Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Kí ẹnì kan máa yí sitiárìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ fi ọwọ́ kan sípíríǹgì jẹ́ẹ́jẹ́. Tó bá ń há, tó wá ń fò tán-ùn lẹ́ẹ̀kan náà, rọ́bà àti bíárìn orí strut ti kú. Ẹ fi ara tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ lójijì. Ó yẹ kó gbéra, kó padà sípò, kó dákẹ́. Tó bá ń mi orí bí alángbá, ṣọ́ọ̀kì ti tán. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì tó ṣàn sára ọ̀pá strut tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn dúdú, ẹ̀rí kejì nìyẹn.

Ti bíréèkì tó ń fà sí òsì: ọ̀tún ló jẹ̀bi, Tíṣà. Ọkọ̀ tó ń fà sí òsì nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, òsì rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀tún ló ń ṣọ̀lẹ. Mo mọ ọkùnrin kan tó pààrọ̀ pádì òsì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, torí òsì ni ọkọ̀ ń fà sí. Ó dà bíi kí wọ́n máa na ọmọ tó dáhùn nínú kíláàsì torí pé ohùn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Ẹ wá ohun tó dí ọ̀tún lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ gíríìsì tó kán sórí pádì. Ó lè jẹ́ písítìnì tó dípẹtà nínú kálípà, ìyẹn irin tó ń ti pádì mọ́ dísìkì. Ó sì lè jẹ́ hóòsì rọ́bà, èyí tí ojú kì í rí: ara ìta rẹ̀ á máa dán, inú rẹ̀ á ti wú, ọ́ìlì ò ní ráyè kọjá bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, tẹ́ ẹ tú ẹsẹ̀, tí wíìlì kan ò sì fẹ́ yí mọ́, ẹ ṣí nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ lára kálípà náà. Bí ọ́ìlì bá fọ́n jáde tí wíìlì sì yí fàlàlà, hóòsì ló dí. Bí kò bá yí síbẹ̀, kálípà ló há.

Pẹ́dàlì tó ń jìn ńkọ́? Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra kíákíá. Tó bá ń ga sókè bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, tó sì dúró síbẹ̀, dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ló nílò àtúnṣe ààyè ṣúù, tàbí kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé e tó kàn ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ ẹrẹ̀, tí ọ́ìlì kankan ò sì jò síta, rọ́bà inú màsítà, ìyẹn ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí wíìlì, ti jẹ. Ti búsítà, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, náà rọrùn: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì títí pẹ́dàlì á fi le, ẹ má tú ẹsẹ̀, ẹ wá ta ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí pẹ́dàlì rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá rì, búsítà ò ṣiṣẹ́, tàbí kí hóòsì afẹ́fẹ́ tó lọ síbẹ̀ ti là.

Bíréèkì ni kí ẹ kọ́kọ́ ná owó lé. Mo mọ̀ pé gbì-gbì yẹn ló ń dun etí yín jù, ṣùgbọ́n ariwo kì í pa èèyàn.

Lórí bíréèkì, ohun tó kéré jù lówó ló ń ṣe ohun tó pọ̀ jù: ọ́ìlì. Ẹ fọ gbogbo ti àtijọ́ dànù. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, omi yẹn ló sì ń sọ ọ́ di aláìlágbára. DOT ni wọ́n fi ń pe ìpele ọ́ìlì bíréèkì lára ike rẹ̀. DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C. Tó bá ti mu omi, 140°C ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀. DOT 4 tuntun jẹ́ 230°C, èyí tó ti mu omi jẹ́ 155°C. Fún ọkọ̀ tó ń ru kòkó, DOT 4 ni kí ẹ rà, nínú ike tí wọn ò tíì ṣí. Tó bá hó nínú kálípà, ó di afẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ yín á wá máa tẹ afẹ́fẹ́.

Èmi fúnra mi ti jẹ nínú rẹ̀. Mò ń ti òkè Ìdànrè bọ̀ l'Àkúrẹ́ pẹ̀lú ẹrù pákó, ìyẹn ti lé lógún ọdún. Àná ọjọ́ yẹn ni mo bu ọ́ìlì kún màsítà láti inú ike kan tó ti wà ní ṣíṣí lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù mi láti bí ọdún kan. Mo mọ̀ pé kò yẹ, mo kàn ń kánjú ni. Mo ń tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá, mi ò yí gíà sísàlẹ̀. Níbi kọ́nà kẹta tàbí ẹ̀kẹrin, mo tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi bọ́ lọ sílẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Gíà kejì ló gbà mí, òun àti etí títì tó ní koríko gíga. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, òórùn pádì jíjó gba gbogbo ibẹ̀, mo sì ta omi díẹ̀ sí dísìkì, ó dún ṣàà. Mo dúró títí ọwọ́ mi fi lè gbà á kí n tó tún ọkọ̀ náà ta. Láti ọjọ́ yẹn, ike tí mo bá ti ṣí, ohun tó bá kù nínú rẹ̀, mi ò fi sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí omi ọṣẹ sí màsítà yín torí pé "kò sí nǹkan míì nítòsí." Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á mú kí gbogbo rọ́bà inú bíréèkì wú. Láti màsítà títí dé ẹ̀yìn, ẹ ó tú gbogbo rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọ́ìlì, hóòsì. Ẹ pààrọ̀ gbogbo èyí tó jẹ́ rọ́bà, tuntun ni kí ẹ rà, kì í ṣe tòkunbọ̀. Hóòsì tòkunbọ̀ ti lo ayé rẹ̀ lára ọkọ̀ ẹlòmíì. Bí páìpù irin bá ti dípẹtà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi páìpù bíréèkì rọ́pò rẹ̀. Páìpù fíríìjì tí àwọn kan ń fi jó o kò sí fún iṣẹ́ yìí, agbára tó ń gba inú páìpù bíréèkì kọjá tirẹ̀.

Kálípà kò ní láti jẹ́ tuntun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, kí wọ́n yọ písítìnì, kí wọ́n fọ ibi tí rọ́bà jókòó sí mọ́ tónítóní. Bí ara písítìnì bá dán, rọ́bà tuntun ti tó. Bó bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ṣọ̀pọ̀ná, ẹ wá písítìnì mìíràn, torí ihò yẹn ló máa jẹ rọ́bà tuntun náà. Méjèèjì ni kí ẹ ṣe, ọ̀tún àti òsì lọ́jọ́ kan náà, bó ti wù kí òsì dáa tó.

Dísìkì: ẹ máa rí iye tó kéré jù tó lè nípọn tó, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀. Bó bá ṣì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi léètì gé irin kí wọ́n fá ojú rẹ̀ méjèèjì. Bó bá ti dín, ẹ rà tuntun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fá dísìkì tó ti tín-ín-rín torí pé owó fífá kéré. Irin tó ń gba ooru sára ni ẹ ń gé dànù yẹn. Ooru ni gbogbo iṣẹ́ bíréèkì. Ọkọ̀ tó ń sáré 80, ooru tí bíréèkì máa gbà kó tó dúró jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ọkọ̀ kan náà tó ń sáré 40, kì í ṣe ìlọ́po méjì.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìyá wa oní-Peugeot pé ká yọ ti 505 wá. Òótọ́ ni pé àwọn 505 kan, bíi Turbo, ní dísìkì oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó sì ń yára tutù ju ti 504 lọ. Mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní ra dísìkì nìkan kí ẹ wá máa fi fáìlì pá a kó lè wọlé. Odidi ni kí ẹ rà, strut, họ́ọ̀bù, dísìkì, kálípà, láti ara ọkọ̀ kan ṣoṣo, kí ẹ sì bá ẹni tó ń tà á ṣe àdéhùn pé bí kò bá wọ̀, ẹ ó dá a padà. Kí wíìlì yín wọ̀ ọ́ lójú yín, kó yí fàlàlà láìfi ara kan kálípà, kí owó tó kúrò lápò. Pẹ̀lú ₦600,000 yín, ọdún tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ronú ìyẹn. 504 tí dísìkì àtètèkọ́ṣe rẹ̀ mọ́, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì tuntun, á dúró ju èyí tí wọ́n fi ẹ̀yà olówó gọbọi sí, tí hóòsì àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀yìn náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù, kí wọ́n wo ṣúù, kí wọ́n wo bóyá sílíńdà kékeré ibẹ̀ ń jò, kí wọ́n sì tún ààyè rẹ̀ ṣe. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ àsìlì ẹ̀yìn: bí ẹ bá rí fáàfù kan tí sípíríǹgì tàbí ọ̀pá kan so mọ́ àsìlì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi páìpù fò ó kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù nígbà tí ẹ̀yìn bá ṣófo. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń fò ó torí "bíréèkì ẹ̀yìn ò mú." Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, tí píkọ́ọ̀pù sì ṣófo, ẹ̀yìn á kọ́kọ́ há, ẹ ó sì rí ìdí ọkọ̀ yín tó ń bọ̀ wá bá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí wọ́n bá ń tú afẹ́fẹ́, ibi tó jìnnà jù sí màsítà ni ká kọ́kọ́ ṣe. Lára tiyín, ẹ̀yìn ọ̀tún ni. Lẹ́yìn náà ẹ kọ́ pádì tuntun níṣẹ́. Ẹ wá títì tó dá, ẹ sáré dé bíi 60, ẹ tẹ bíréèkì ṣinṣin títí yóò fi tó bíi 10, ẹ má dúró pátápátá, ẹ tún sáré. Bíi ìgbà mẹ́jọ, kí àyè tó ṣe díẹ̀ wà láàárín wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ẹ máa wa ọkọ̀ náà jẹ́ẹ́ kó tutù. Pádì tí wọn ò kọ́ níṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á máa pariwo títí yóò fi tán.

Ó ku abẹ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ tó ti bíréèkì, ṣùgbọ́n àṣìṣe tó wà níbẹ̀ pọ̀. Búṣì apá ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, rọ́bà orí strut, rọ́bà ọ̀pá tó ń dá ọkọ̀ dúró ní kọ́nà, ìwọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ sípíríǹgì. Ọ̀pá strut àtijọ́ kò bàjẹ́ bó bá tọ́. Ohun inú rẹ̀ ni wọ́n ń pààrọ̀.

Ẹ fi ojú yín ṣọ́ ohun kan. Nígbà tí wọ́n bá fi búṣì tuntun sí apá ìsàlẹ̀, kí wọ́n má fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Rọ́bà búṣì lẹ̀ mọ́ irin nínú lóde. Bó ṣe wà nígbà tí ẹ fún un, ibẹ̀ ló gbà pé ilé òun wà. Tẹ́ ẹ bá fún un nígbà tí táyà ń rọ̀ dirodiro, tẹ́ ẹ sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀, rọ́bà náà ti lọ́ láti ọjọ́ kìíní, kò ní pẹ́ ya. Kí wọ́n fún un díẹ̀, kí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ̀yin àti mẹkáníìkì jó lórí imú rẹ̀ díẹ̀ kó lè jókòó, kí wọ́n tó wá fún un gírígírí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Torí ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ni àwọn èèyàn fi ń bú búṣì tó wà lọ́jà pé ayédèrú ni. Ayédèrú wà o, mi ò sọ pé kò sí.

Ti sípíríǹgì: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná yọ́ ọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ki ègé táyà sí àárín rẹ̀ kí imú lè ga. Rọ́bà yẹn máa ń dí ibì kan lára sípíríǹgì kó má ṣiṣẹ́, ibi tó kù á wá máa ṣe iṣẹ́ méjì, níbẹ̀ ni á sì ti kán. Tó bá jẹ́ pé ó ti rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, méjì tó bára mu ni kí ẹ rà. Kí ẹni tó máa tú u sì ní irin ìfúnsípíríǹgì gidi. Mo ti rí ẹni tó fi okùn àti wáyà ṣe é. Sípíríǹgì strut tó bá fò, ojú èèyàn ló máa ń bá.

Bí wọ́n bá ṣe tán, ẹ lọ yẹ ìdúró táyà wò lórí ẹ̀rọ. Lórí strut bíi ti 504, bí táyà méjèèjì ṣe kọjú síra nìkan ló rọrùn láti yí. Bí ẹ̀rọ bá ní táyà kan dà sínú tàbí síta jù, ohun kan ló tẹ̀ tàbí tó jẹ. Ẹ má gbà kí wọ́n fi òòlù tún un ṣe.

Mi ò ní pe iye owó ẹ̀yà kan fún yín, torí iye tí mo bá pè lónìí lè ti yí kí ẹ tó dé ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ ya ₦300,000 sọ́tọ̀ fún bíréèkì, ₦200,000 fún abẹ́ iwájú, kí ẹ sì fi ₦100,000 pamọ́ sọ́wọ́ ìyàwó yín fún ohun tí a ò rò tì. Ohun tí a ò rò tì máa ń wá. Bí owó ò bá ká gbogbo rẹ̀, ẹ parí bíréèkì kí kòkó tó dé, kí gbì-gbì máa dún títí ẹ ó fi ta kòkó àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì nìkan ni mo yọ sílẹ̀ nínú ìyẹn: bó bá ń mì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣe bíréèkì, torí bó bá já, táyà á yà lọ. Ẹ tún wo òǹkà mẹ́rin tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ DOT lára táyà yín (èyí yàtọ̀ sí DOT ti ọ́ìlì). Bó bá jẹ́ 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é, ẹ má fi ru kòkó mọ́ bó ti wù kí ojú rẹ̀ dúdú tó.

Mẹkáníìkì yín ní kò sí ẹ̀yà 504 mọ́. Ó wà, wíwá ló gbà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ti Peugeot nìkan, kì í ṣe àwọn tó ń ta gbogbo nǹkan, kí ẹ sì mú ti àtijọ́ dání lọ. Ẹnu kì í ṣe ìwọ̀n.

Àpò 20 yẹn, Tíṣà. Àpò kòkó kan súnmọ́ kílò 64. Ìlọ́po 20 rẹ̀ jẹ́ 1,280, ẹ ò tíì ka ara yín àti ọmọ tó jókòó lórí ẹrù. Wọ́n ṣe píkọ́ọ̀pù yìí fún nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Tẹ́ ẹ bá di ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí á jókòó, imú á fúyẹ́, sitiárìn á máa léfòó, bíréèkì tí ẹ náwó sí á sì máa dá ẹrù tí wọn ò ṣe é fún dúró. Ẹ kó 15, kí ẹ padà lọ mú èyí tó kù.

Bí ẹ bá ń kọjá l'Àkúrẹ́ kí wọ́n tó fá dísìkì yẹn, ẹ sọ ọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ wá. Mo fẹ́ fi kálípà ìwọ̀n mi wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́rin kí ẹ tó san owó léètì.